Ta ló ní kí wọ́n dí ihò íápíìsì ara fóònù wa?

Ọmọ_Ìdíkàn
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí mo ní kí n gbé e wá síbí. Mo ra fóònù fún màámi ní Ìwó Road lọ́sẹ̀ tó kọjá, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní, kámẹ́rà ẹ̀ dáa, inú mi ń dùn pé èmi náà ti ṣe nǹkan ọkùnrin. Màámi gbà á, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n yí i síbí wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní "ibo ni mo ti máa ki íápíìsì mi bọ̀?" Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, ihò ṣájà nìkan ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Amúlùdùn 99.1 ni màámi fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń sùn, tí wọ́n bá ń to ọjà ní Gbági láàárọ̀ wáyà á ti wà létí wọn. Mo ní kí n wá rédíò fún wọn lórí fóònù ọ̀hún, rédíò gan-an ò sí ńbẹ̀. Wọ́n rọra dá a padà fún mi, wọ́n ní mo ṣeun, wọ́n fa Tecno wọn tójú ẹ̀ ti là yọ, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, kí ni ihò kékeré yẹn ṣe fún wọn tí wọ́n fi yọ ọ́? Ta ló lọ bá wọn pé ó ń dí òun lọ́wọ́?

Adé_Bódìjà
Apple ló kó èyí bá wa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, iPhone 7. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, Phil Schiller, ló dúró níwájú gbogbo ayé tó ní ìgboyà làwọn fi yọ ọ́. Ìgboyà kẹ̀! Ọjọ́ yẹn gan-an náà ni wọ́n gbé AirPods, íápíìsì wọn tí ò ní wáyà, jáde, $159. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ẹ̀? Wọ́n kọ́kọ́ dí ihò, wọ́n wá gbé nǹkan tí ò nílò ihò wá pé kó o rà. Lóòótọ́ wọ́n ṣì fi íápíìsì tó ń wọ ihò ṣájà àti kóńvátà kékeré kan tó ń so íápíìsì àtijọ́ mọ́ ihò ṣájà sínú páálí nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tó di 2018 wọ́n yọ kóńvátà náà kúrò, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ rà á.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Adé, má di gbogbo ẹ̀ ru Apple. Oppo ti ṣe fóònù kan tó ń jẹ́ Finder ní 2012 tí ò níhò, torí kó lè tín-ín-rín ni. Lọ́dún 2016 yẹn náà, LeEco àti Motorola ti yọ ọ́ kí iPhone 7 tó dé, Moto Z ni ti Motorola. Kò sẹ́ni tó ráyè tiwọn ni.

Adé_Bódìjà
Mi ò bá ẹ jiyàn, àmọ́ Apple ló sọ ọ́ di àṣà. Àwọn tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín jù làwọn tó ń fi Apple ṣe yẹ̀yẹ́. Google polówó Pixel àkọ́kọ́ lọ́dún 2016 kan náà, wọ́n ń fi ihò íápíìsì yangàn, kò ju ọdún kan lọ Pixel 2 dé láìníhò. Samsung náà fi ìpolówó ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn oníPhone títí, ó di 2019, Galaxy Note 10 jáde, ihò ti pòórá. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ṣájà o. Apple yọ ṣájà kúrò nínú páálí iPhone 12 ní oṣù kẹwàá 2020, Samsung ń rẹ́rìn-ín, oṣù kìíní 2021 S21 dé, àwọn náà ò fi ṣájà sí i. Ojú ò tì wọ́n.

Àṣàkẹ́_Agbowó
Ti ṣájà yẹn ló ká mi lára jù. Wọ́n ní torí pàǹtírí ni, pé àwọn fẹ́ dáàbò bo ayé. Ó dáa, owó fóònù ńkọ́, ṣé ó wálẹ̀? Àwọn ará Brazil ò gbà fún wọn, wọ́n bu owó ìtanràn lé Apple lórí ọ̀rọ̀ ṣájà yìí. Èmi tí mo wà ní Agbowó ńkọ́, ta ni mo fẹ́ ròyìn fún? Mo ra ṣájà kan lójú títì, ó gbóná débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sun tábìlì ìkàwé mi, àmì ojúlówó sì wà lára ẹ̀ gàdàgbà. Àti mẹ́mọ̀rì náà! S21 yẹn kan náà ni wọ́n ti dí ihò mẹ́mọ̀rì pa. Tẹ́lẹ̀ gbogbo fídíò lẹ́kíṣọ̀ mi wà lórí mẹ́mọ̀rì, tí fóònù bá bàjẹ́ màá yọ ọ́ màá ki í bọ òmíràn. Wọ́n ní ká máa kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bí ẹni pé àwọn ló máa bá mi ra dátà.

Bísí_Àdàmásìngbà
Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ fẹ́ràn àtijọ́ jù jàre. Èmi ò padà sídìí wáyà láéláé. Mo máa ń sáré láàárọ̀ lágbègbè pápá Lékan Sàlámì, nígbà tí mo ń lo wáyà ọwọ́ mi á kọ́ ọ fóònù á já bọ́, mo bá délé á ti lọ́ mọ́ra nínú báàgì màá jókòó máa tú u, kò sì ní pẹ́ tí apá kan ò fi ní dún mọ́. Àbí ẹ ti gbàgbé pé ẹ máa ń tẹ wáyà kọdọrọ nídìí, ẹ ó fi ọwọ́ kan dì í mú bẹ́ẹ̀ kó tó lè dún? Ẹ máa ń purọ́ fúnra yín ni. Earbud mi, mo ki í sétí, ó tán.

Bàbá_Mọ́níyà
Bísí ọmọ mi, a gbọ́. Ẹni tíná ń wà ládùúgbò ẹ̀ ló ń sọ báyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tíná bá dé, fóònù la kọ́kọ́ ń sáré ki bọ̀ ọ́, kó tó kan tọ́ọ̀ṣì, kó tó kan pawabáǹkì, kí n tún wá máa wá ojú iná fún íápíìsì? Tọ̀tún ńkọ́, tòsì ńkọ́, àpótí tí wọ́n ń kó wọn sí ńkọ́? Íápíìsì oníwáyà kì í béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àti pé bátìrì inú nǹkan tó o ki sétí yẹn ò tó nǹkan, tó bá fi lè lò tó ọdún méjì mẹ́ta ó ti gbó nìyẹn, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, kò ṣeé pààrọ̀, ààtàn ló kàn. Àwọn tó ní pàǹtírí làwọn ń sá fún o.

Bísí_Àdàmásìngbà
Ẹ kú iṣẹ́ bàbá. Tèmi ṣì ń dún.

Ọmọ_Ìdíkàn
Hahaha. Bísí, ẹ̀gbọ́n mi kan wà lórí ọ̀kadà ní Mọ́kọ́lá, earbud apá kan yọ bọ́ sínú gọ́tà. Ó ń lo ẹyọ kan tó kù, ó ní òun ò lè jù ú nù torí owó tóun fi rà á.

Sáńdìmáànù_Mọ́lẹ̀tẹ́
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń gbé ẹ̀rọ lọ sóde, ìgbéyàwó, òkú àgbà, wòlímọ̀, ohun tó bá wá. Tẹ́lẹ̀ wáyà AUX kan ṣoṣo ló wà, orí kan wọ inú fóònù, orí méjì, pupa àti funfun, wọ inú míksà, ó parí. Fóònù yòówù kí orin wà lórí ẹ̀, kò sí ìjà. Nísinsìnyí ọ̀rẹ́ ìyàwó á gbé fóònù ńlá kan wá pé orin tí wọ́n máa fi jó wọlé wà lórí ẹ̀, màá yẹ̀ ẹ́ wò, kò níhò. Tí mo bá ní ó dà kóńvátà, á ní "ẹ lo Bluetooth". Bluetooth lóde àríyá! Ìyàwó ti ń jó bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ni orin ti ki fóònù sápò ó ti bá wọn lọ ya fọ́tò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ni orin bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó dún ó dákẹ́, ó dún ó dákẹ́, ìyá ìyàwó yíjú sí mi, èmi ni wọ́n rò pé mi ò mọṣẹ́. Lọ́jọ́ míì, ìpè wọlé láàárín orin, gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ bó ṣe ń dún, MC gba máíkì ó ní "ẹ bá wọn gbé e, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni". Ọmọ náà ò lè gbójú sókè mọ́.

Ẹ bi àwọn tó ń tẹ dùùrù lórí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Lórí Bluetooth, o máa tẹ̀ ẹ́ tán, ọwọ́ ẹ á ti kúrò níbẹ̀ kí ohùn ẹ̀ tó dé, torí fóònù máa ń kọ́kọ́ fún ohùn náà pọ̀ kó kéré kó tó fi ránṣẹ́, èyí tó gbà á á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú u. Wáyà ò mọ gbogbo ìyẹn. Báàgì kóńvátà ni mo ń gbé kiri báyìí, ti iPhone àtijọ́ wà níbẹ̀, ti Type-C wà níbẹ̀, tí ọ̀kan bá sọnù nínú ẹ̀, ó di ìgbà tí mo bá tún ráyè dé Dùgbẹ̀.

Injiníà_Queen_Cinema
Ẹ kú ìjíròrò o. Ara iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni mo ti ń sọ tèmi, torí ó níbi tẹ́ ẹ jàre, ó níbi tẹ́ ò jàre. Ihò íápíìsì yẹn náà ní wàhálà tiẹ̀. Òwú àpò ṣòkòtò á kún inú ẹ̀, eruku á wọ̀ ọ́, orí íápíìsì á dá sínú ẹ̀. Kò sí ẹni tí ò tíì rí èyí nínú yín: fóònù á gbé àmì íápíìsì sókè nígbà tí kò sí íápíìsì lára ẹ̀, wọ́n á pè ẹ́, o ò ní gbọ́ nǹkan kan àfi tó o bá fi sí sípíkà ìta, gbogbo èrò inú takisí Máíkírà á wá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ àti ìyàwó ẹ. Ohun tó ń fà á ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nínú ihò, tí orí íápíìsì máa ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ń wọlé, ìyẹn ni fóònù fi ń mọ̀ pé nǹkan ti wọlé. Tí irin yẹn bá tẹ̀, tàbí tí ìdọ̀tí tàbí omi bá so ó pọ̀ mọ́ èkejì ẹ̀, fóònù á gbà pé íápíìsì ṣì wà ńbẹ̀. Igi ìtayín àti sípíríìtì díẹ̀ ti tó fún un nígbà míì. Tí ò bá gbọ́, a ó pààrọ̀ ẹ̀, kò wọ́n. Ní gbogbo àsìkò yẹn, fóònù ẹ ṣì ń ṣáàjì, o ṣì ń bá iṣẹ́ ẹ lọ.

Ihò ṣájà kan ṣoṣo ló wá ń ṣe gbogbo iṣẹ́ báyìí. Ẹ fẹ́ ṣáàjì ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ gbọ́ orin ẹ yọ ti ṣájà ẹ ki kóńvátà, ẹ fẹ́ kó fáìlì ẹ tún ki wáyà míì bọ̀ ọ́. Kò sí bí ò ṣe ní yára yẹ̀. Tó bá yẹ̀, kò ní ṣáàjì, kò ní dún, fóònù ẹ ti dúró nìyẹn. Lára àwọn fóònù kan, orí bọ́ọ̀dù kékeré ló wà, a lè yọ ọ́ ká fi òmíràn sí i, lára àwọn míì orí bọ́ọ̀dù ńlá gan-an ni wọ́n jó o mọ́, ibẹ̀ ni oníbàárà ti máa ń káwọ́ lérí tí mo bá pe owó ẹ̀.

Àlàyé omi tí wọ́n máa ń ṣe, pé ihò ló ń jẹ́ kómi wọlé, ẹ má dá wọn lóhùn. Galaxy S5 tó jáde ní 2014, ihò íápíìsì wà lára ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣí, bátìrì ẹ̀ ń yọ, ó ń gba mẹ́mọ̀rì, síbẹ̀ IP67 ni, ìyẹn àmì pé omi ò ní tètè wọ inú ẹ̀. S7 ti 2016, IP68 tòun tihò. Ti pé àyè ò sí ni mo lè gbà díẹ̀, torí nínú fóònù àyè há lóòótọ́, nǹkan yẹn sì gùn wọnú ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àmọ́ nígbà tí àwọn iFixit, àwọn tó máa ń tú ẹ̀rọ wò, tú iPhone 7, ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀, ike kan ni wọ́n bá níbẹ̀, Apple ní torí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ ni. Ní 2017 ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Scotty Allen jókòó ti iPhone 7 ní Shenzhen ní Ṣáínà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó gé e, ó pa bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ tiẹ̀, ó ki ihò íápíìsì padà sínú ẹ̀, ó sì dún. Ẹni tó bá ní kò sáyè, ẹ ní kó lọ wò ó lórí YouTube.

Àṣàkẹ́_Agbowó
Ọ̀gá Injiníà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ra irú kóńvátà yẹn ní Agbowó níbí, ẹnu kan ń wọ ihò ṣájà, íápíìsì ń wọ ẹnu kejì. Lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi ó ń dún kíkankíkan, lórí tèmi kò sọ nǹkan kan. Mo gbé e padà lọ, ọmọkùnrin náà ní fóònù mi ló bàjẹ́, kò dá owó mi padà.

Injiníà_Queen_Cinema
Fóònù ẹ ò bàjẹ́, àbúrò. Oríṣi méjì ni kóńvátà yẹn, wọ́n jọra bí ìbejì. Orin tó wà nínú fóònù, òǹkà lásán ni. Ohun tó ń mi íápíìsì kó tó dún, iná ni. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó máa sọ òǹkà yẹn di iná, DAC là ń pè é. Àwọn fóònù kan ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ara wọn, wọ́n á wá ti iná náà gba ihò ṣájà jáde, kóńvátà tí ò ní nǹkan kan nínú ju wáyà lọ ti tó fún irú wọn. Àwọn míì kì í ti iná ohùn gba ibẹ̀ rárá, àwọn Samsung ńláńlá wà lára wọn, òǹkà ni wọ́n ń fún ẹ, àfi kí DAC wà nínú kóńvátà fúnra ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀gbọ́n ẹ, ti kejì ni tìẹ, ohun tó fà á nìyẹn. Tó o bá tún fẹ́ rà, béèrè èyí tó ní DAC nínú, má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gbọ́, fóònù tìẹ gan-an ni kó o ki í bọ̀, fi orin sí i, pe èèyàn kan kó o mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́ ẹ, kó o tó yọ owó. Èyí tó ní ẹnu méjì, tó o lè máa ṣáàjì kó o tún máa gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan náà, wà lọ́jà, ó kàn wọ́n ju èyí lọ ni.

Àṣàkẹ́_Agbowó
Ẹ ṣé gan-an sà. Mò ń lọ bá ọmọ yẹn.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ẹ ò tíì dá Ọmọ_Ìdíkàn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ rédíò o. Wáyà íápíìsì yẹn ni ẹ̀ríà. Ìgbì rédíò FM tó wà lórí 99.1 gùn tó mítà mẹ́ta, ẹ̀ríà tó máa mú un dáadáa máa ń tó ìdá mẹ́rin ẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75, fóònù wo ló gùn tó yẹn? Wáyà íápíìsì ló gùn tó o. Ìdí nìyẹn tí rédíò fóònù fi máa ń sọ fún ẹ pé kó o ki íápíìsì bọ̀ ọ́ kó tó ṣiṣẹ́, tó o bá tiẹ̀ fẹ́ fi sípíkà gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ti dí ihò, ọ̀pọ̀ wọn ò wulẹ̀ fi rédíò sí i mọ́. Wọ́n á ní kí màmá lọ máa gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ilé iṣẹ́ rédíò bá ń gbé e ní 64 kbps, wákàtí kan ti jẹ dátà bíi 29 MB, kí màmá wá gbọ́ ọ láti àárọ̀ dalẹ́ ní Gbági, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ lóṣù. Ti afẹ́fẹ́ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ.

Ọmọ_Ìdíkàn
Ìyẹn ni pé àwọn ló mọ ohun tí wọ́n ń rà, èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń rà fún wọn.

Adé_Bódìjà
Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn. Fóònù olówó pọ́ọ́kú, itel, Tecno Pop, Spark, lo máa bá ihò íápíìsì, rédíò, ihò mẹ́mọ̀rì, síìmù méjì, ṣájà nínú páálí, nígbà míì wọ́n á tún fi páǹtì lé e lọ́wọ́. Bí owó fóònù bá ṣe ń gòkè lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa yọ nǹkan kúrò lára ẹ̀. Èèyàn á wá kó owó ńlá sílẹ̀ kó lè ra èyí tí ò ní nǹkan kan lára. Fairphone tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù, àwọn tí wọ́n ní torí pàǹtírí làwọn ṣe ń ṣe fóònù tó ṣeé tú, àwọn náà yọ ọ́ ní 2021 lára Fairphone 4. Sony nìkan ni mo mọ̀ tó yọ ọ́ tó tún dá a padà nínú àwọn tó wọ́n. Xperia 1 ti 2019 ò ní, èyí tó tẹ̀ lé e ní 2020 ní.

Bísí_Àdàmásìngbà
Páǹtì bíi ti báwo? 😂😂

Adé_Bódìjà
Páǹtì ẹ̀yìn fóònù, ike tí wọ́n fi ń bò ó. Ìwọ ọmọ yìí.

Bàbá_Mọ́níyà
Bátìrì ni tèmi o. Ta ló rántí BL-5C? Mo ní méjì, ọ̀kan nínú Nokia, ọ̀kan lẹ́nu ṣájà tó ń há bátìrì lẹ́nu tó ń tan pupa àti búlúù. Tọwọ́ mi bá kú, mo ṣí ẹ̀yìn mo pààrọ̀ ẹ̀, fóònù tún kún. Títí di ìsinsìnyí, BL-5C yẹn ló wà nínú àwọn rédíò pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Samsung lẹ ti S6 pa ní 2015, wọ́n sì dí ihò mẹ́mọ̀rì pẹ̀lú, wọ́n dá mẹ́mọ̀rì padà lórí S7 lọ́dún kejì nígbà tí ariwo pọ̀, ti bátìrì ni ò padà wá mọ́. Mo kà á pé àwọn ará Yúróòpù ti ṣòfin pé láti oṣù kejì 2027, bátìrì inú àwọn nǹkan báyìí gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi àwọn ibi tí wọ́n lè gbà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nínú òfin ọ̀hún. Àwọn náà ni wọ́n fi òfin mú gbogbo wọn pé Type-C ni kí wọ́n máa lò láti ìparí 2024, Apple ti ṣáájú ṣe é lórí iPhone 15 ní 2023. Wọ́n gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu, àwa tá a fi owó rà á ni wọn ò gbọ́ tiwa.

Bísí_Àdàmásìngbà
Bàbá, fóònù yín yẹn náà la máa ń já sílẹ̀ tí ìdérí á lọ lọ́tọ̀, bátìrì á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá_Mọ́níyà
Ojú ẹ̀ ò sì fọ́. Tìẹ ńkọ́?

Sáńdìmáànù_Mọ́lẹ̀tẹ́
Bàbá ti mú un 😂

Injiníà_Queen_Cinema
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ihò, ihò síìmù gan-an ti ń lọ o. iPhone 14 tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní 2022, kò ní ibi tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀ rárá, eSIM nìkan, ìyẹn síìmù tí wọ́n ti kọ́ mọ́ inú fóònù. Wọ́n sì ti ń kó o wọ Ìbàdàn níbí. Oníbàárà gbé ọ̀kan wá bá mi pé ki n bá òun wá ibi tí síìmù ń wọ̀, ó ti fi pín-ìnnì gún ihò máíkì.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Yéè! Ó fi pín-ìnnì gún máíkì?

Injiníà_Queen_Cinema
Ó gún un. Wọn ò gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa mọ́.

Ọmọ_Ìdíkàn
Ìyẹn ni pé tí bátìrì fóònù mi bá kú lójú ọ̀nà, mi ò ní lè yọ síìmù ki bọ fóònù tọ́ọ̀ṣì kí n fi gba áláàtì?

Injiníà_Queen_Cinema
Kò sí síìmù tó o fẹ́ yọ, ọ̀gá. Nọ́ńbà ẹ wà nínú fóònù yẹn títí wàá fi bá oníléṣẹ́ síìmù ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sórí òmíràn, fóònù tọ́ọ̀ṣì ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ eSIM. Àwọn iPhone 14 tí wọ́n ṣe fún UK ní ihò síìmù, ti Amẹ́ríkà ni kò ní. Tẹ́ ẹ bá dé Ìwó Road, ẹ bi wọ́n pé ibo ló ti wá, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fúnra yín bóyá ibi síìmù wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.